Dísìkì Kún, Iṣẹ́ Kò Tíì Parí: Bí A Ṣe Ń Sún Ààlà Nínú Linux

Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù lọ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ní sáà yìí kò kan fonọ́lọ́jì rárá, dísìkì ló kàn. Ọ̀kan á ní, "Mo tẹ password mi, ó gbà á, ó sì tún dá mi padà síbi tí mo ti tẹ̀ ẹ́." Òmíràn á ní, "Audacity dákẹ́ nígbà tí bàbá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́." Ẹlòmíì á kàn gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, á fi ìlà kan ṣoṣo hàn mí: No space left on device. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Ìpín tí Linux ń gbé nínú dísìkì wọn ti kún dé ẹnu, prójẹ́ẹ̀tì kò sì tíì dé ìdajì.

Àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni ọ̀rọ̀ yìí máa ń bá jù, nítorí ohùn ni ẹrù wa. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá gba ohùn ní WAV, 48 kHz, 24 bit, ọ̀nà méjì, ìṣẹ́jú àáyá kan ń jẹ báìtì 288,000. Wákàtí kan á jẹ báìtì 1,036,800,000, ìyẹn GB 1 ó lé díẹ̀. Bí ẹ bá tún gbé e sínú Audacity láti gé e sí wẹ́wẹ́, Audacity á ṣe ẹ̀dà tirẹ̀, ẹ̀dà yẹn sì tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí 32 bit ló fi ń tọ́jú ohùn: wákàtí kan á tó GB 1.38. Ẹ lè ní kí ló dé tí a kò fi ohùn náà ṣe MP3 kó lè kéré. MP3 ń ju apá kan nínú ohùn nù kó tó lè kéré, ẹni tó bá sì fẹ́ fi Praat wo ìró ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tí a ti bù kúrò. FLAC sàn jù, ó ń dín in kù láìsọ nǹkan kan nù, Praat sì ń kà á. Ṣùgbọ́n FLAC náà kò lè gba ẹni tí ìpín rẹ̀ kò ju GiB 30 lọ là.

Èyí tó mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí ni ti akẹgbẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ka-èdè Èkìtì ní Ìyìn, Ìgèdè àti Ìfàkì. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni tirẹ̀, SSD GB 256, Windows àti Ubuntu jọ ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá a gbé Ubuntu síbẹ̀ nígbà tó wà ní ọdún kejì fún un ní GiB 30, nígbà yẹn ó sì pọ̀ tó. Nísinsìnyí ó ti gba ohùn wákàtí 12, ó ku nǹkan bíi wákàtí 20, dísìkì sì ti kọ̀. Lára ohun tó wà níbẹ̀ ni ohùn ìyá àgbà kan ní Ìyìn, àwọn tó ṣì ń pe ilé ní ulé láìronú sí i, tí wọ́n jókòó fún wákàtí méjì gbáko láti sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgbéyàwó nígbà èwe wọn. Bí ohùn yẹn bá sọnù, ta ló máa padà lọ sọ fún ìyá pé kí wọ́n tún un sọ? Nítorí náà, nígbà tí mo ní a máa sún ààlà dísìkì náà, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé kò ní pa ohùn ìyá rẹ́?" Ìbéèrè tó tọ́ nìyẹn. Ó lè pa á rẹ́, bí a bá ṣe é ní ìdàkudà.

Kí a tó fọwọ́ kan ààlà rárá, ó yẹ kí a mọ ohun tó kún. Àṣẹ àkọ́kọ́ ni:

df -h

Tirẹ̀ fi hàn pé ìpín tó ń gbé / jẹ́ 30G, 28G ti lọ, 0 ló kù, 100%. Ẹ wò ó pé 28 kò tó 30, síbẹ̀ ó ní kò sí nǹkan tó kù. Kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà kò mọ ìṣirò. Ext4, tó jẹ́ ètò fáìlì tí Ubuntu ń lò, máa ń ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún root nìkan, kí ọ̀gá ilé lè rí ibi dúró sí bí àwọn ọmọ ilé bá ti kún gbogbo rẹ̀. Àṣẹ kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rántí ni df -i. Èyí kì í ka báìtì, iye fáìlì ló ń kà. Ẹni tó bá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké lè rí i pé àyè ṣì wà, ṣùgbọ́n iye nọ́ńbà tí ètò fáìlì náà lè fún fáìlì ti tán. Bí ó bá jẹ́ ìyẹn ni, fáìlì kéékèèké ni kí ẹ wá lọ pa rẹ́ tàbí kí ẹ dì pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹni tó jẹ àyè náà:

sudo du -xh --max-depth=1 / | sort -h

Lẹ́tà x yẹn ló ń sọ fún un pé kó má kọjá sínú ìpín mìíràn. Èyí tó tóbi jù á wà ní ìsàlẹ̀. Ẹ wọ inú rẹ̀, kí ẹ tún ṣe é níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, /var ló máa ń yani lẹ́nu. Sudo apt clean á kó àwọn páálí tí apt ti wà jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì kúrò, sudo apt autoremove á kó àwọn kernel àtijọ́ lọ, sudo journalctl --vacuum-size=200M á sì gé ìwé ìròyìn tí kọ̀ǹpútà ń kọ nípa ara rẹ̀ kúrú. Lórí ti akẹgbẹ́ mi, a rí GiB méjì ó lé díẹ̀ gbà níbẹ̀. Ó tó fún un láti wọlé padà sórí ojú tábìlì, kò tó fún wákàtí ohùn 20. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé láptọ́ọ̀pù wá kò nílò ju ibi tí a dé yìí lọ o. Bí ẹ bá rí GiB mẹ́wàá gbà nípa gbígbálẹ̀, ẹ fi ààlà sílẹ̀.

Ẹni tí kò bá rí i gbà, ó yẹ kó mọ ohun tí ìpín jẹ́. Ẹni tó bá mọ oko lọ́nà Ìwòròkò tàbí lọ́nà Ìgèdè mọ̀ pé pèrègún ni àwọn àgbà fi ń pààlà. Pèrègún kò sọ ohun tí ẹ gbìn, ibi tí ilẹ̀ yín parí sí nìkan ló ń sọ. Ìpín dísìkì nìyẹn: tábìlì kékeré kan ní ìbẹ̀rẹ̀ dísìkì tó ní láti ibi báyìí dé ibi báyìí, ti Windows ni, láti ibi báyìí dé ibi báyìí, ti Linux ni. Ètò fáìlì yàtọ̀ sí i. Òun ni ebè tí ẹ kọ sínú ilẹ̀ náà, tí iṣu wà nínú wọn, tí ẹ sì ní ìwé tó sọ iṣu tó wà nínú ebè kọ̀ọ̀kan. Nǹkan méjì ni wọ́n, irinṣẹ́ méjì ló sì ń tún wọn ṣe. Parted tàbí fdisk ń sún pèrègún. Resize2fs, tí Theodore Ts'o kọ, ń sún ebè ext4.

Láti inú èyí ni òfin tó ṣe pàtàkì jù lọ ti jáde. Bí ẹ bá fẹ́ gba ilẹ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ sún pèrègún síta, kí ẹ tó kọ ebè síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dín ilẹ̀ kù, ẹ kọ́kọ́ wa iṣu etí ààlà, ẹ kó wọn wọ inú, kí ẹ tó sún pèrègún wọlé. Ẹni tó bá yí i padà, tó sún pèrègún wọlé nígbà tí iṣu ṣì wà ní etí, ti fi iṣu rẹ̀ sí oko oníoko. Kọ̀ǹpútà lè má pariwo lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí oníoko kejì bá gbé ọkọ́ rẹ̀ dé ibẹ̀ ni ẹ máa mọ̀.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì kò dọ́gba. Ext4 ń ka ebè rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ìpín. Bí àyè òfo bá wà ní ọwọ́ ọ̀tún, fífẹ̀ síbẹ̀ kì í ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ẹ sì lè ṣe é nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí àyè bá wà ní ọwọ́ òsì, ìbẹ̀rẹ̀ ìpín gan-an ló máa sún, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ ṣí lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan. GParted lè ṣe é, á kà á níhìn-ín, á kọ ọ́ sọ́hùn-ún, títí dé òpin. Bí iná bá lọ ní àárín, tí bátìrì tòkunbọ̀ sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, apá kan á wà ní ibi tuntun, apá kan á wà ní ibi àtijọ́, kò sì sí ohun tó máa sọ fún GParted ibi tó dé kó lè bẹ̀rẹ̀ padà láti ibẹ̀. Ní Adó níbí, ta ló máa fọwọ́ sọ̀yà fún ẹnikẹ́ni pé iná kò ní lọ fún wákàtí méjì?

Ẹ wá wo bí dísìkì akẹgbẹ́ mi ṣe rí. Àṣẹ lsblk -f ló fi í hàn. Kọ̀ǹpútà pè é ní 238.5G, nítorí ẹni tó tà á fi ẹgbẹ̀rún ṣe ìṣirò, Linux sì ń fi 1024 ṣe é. Kò sí ẹni tó jí GB 17 yín gbé. Láti òsì sí ọ̀tún: ìpín EFI tó jẹ́ 100M, ìpín kékeré Microsoft tó jẹ́ 16M, drive C ti Windows tó jẹ́ 207.8G, Ubuntu tó jẹ́ 30G, lẹ́yìn náà ìpín àtúnṣe Windows tó jẹ́ nǹkan bí 600M. Bí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tí Windows àti Linux jọ ń gbé inú rẹ̀ ṣe rí nìyí. Windows kọ́kọ́ gba gbogbo ilẹ̀, wọ́n gé etí C fún Linux, ìpín àtúnṣe sì wà lẹ́yìn bí ògiri. Ubuntu kò rí ọ̀tún yà sí. Òsì nìkan ni àyè ti lè wá, òsì sì ni ibi tó léwu.

Ọ̀pọ̀ fídíò orí YouTube á ní kí ẹ gé C kúrú, kí ẹ gbé Ubuntu sún sí òsì, kí ẹ lọ sùn. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìdí ni pé kò sí òfin kankan tó ní kí gbogbo ilẹ̀ Linux wà lójú kan. Nínú Unix, ẹ lè so ìpín èyíkéyìí mọ́ fódà èyíkéyìí, ẹni tó ń lo fódà náà kò sì ní mọ̀ pé òun ti kọjá sí oko mìíràn. Dípò kí a yẹ ààlà ọwọ́ òsì, a gba ilẹ̀ tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a sì kó /home lọ síbẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kò tuntun. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie ń ṣe Unix ní Bell Labs lórí PDP-11, ìtàn tí àwọn àgbà Unix máa ń sọ ni pé dísìkì tó gbé ètò náà kún. Wọ́n ní dísìkì kejì tó gbé fódà àwọn oníṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni /usr, wọ́n sì kó apá kan nínú ètò náà lọ síbẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ti kúrò ní /usr tipẹ́, wọ́n ti wà ní /home, ṣùgbọ́n ètò tó sá àsálà lọ síbẹ̀ kò padà mọ́. Bí ẹ bá ti ń wò ó pé kí ló dé tí Linux fi ní /bin àti /usr/bin, àìsí àyè ló bí i.

Ẹ̀dà ló ṣáájú ohun gbogbo. A kó gbogbo ohùn sórí dísìkì ìta kan, a sì rí i dájú pé ohun tó dé ibẹ̀ ni ohun tó kúrò níbí. Kí fódà hàn lójú kò tó ẹ̀rí. Nínú fódà ohùn, a tẹ:

find . -name '*.wav' -exec sha256sum {} + > akojo.txt

Èyí ń kọ àmì ìdánimọ̀ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. A da akojo.txt pọ̀ mọ́ ẹ̀dà, a wọ inú fódà ẹ̀dà náà, a tẹ sha256sum -c akojo.txt. Níwájú fáìlì kọ̀ọ̀kan, ó kọ OK. Nígbà tó kọ OK síwájú ohùn ìyá, akẹgbẹ́ mi mí kanlẹ̀, ó ní ká máa bọ̀. Ẹni tí kò bá ní dísìkì ìta, kó yá a. Bí kò bá rí yá, kó dúró di ọjọ́ tó bá rí.

Gígé C kúrú, inú Windows ni kí ẹ ti ṣe é. GParted lè gé NTFS, ṣùgbọ́n Windows ló mọ ilé ara rẹ̀ jù. Ohun méjì ló yẹ kí ẹ mójú tó. Àkọ́kọ́, bí BitLocker bá wà lórí rẹ̀, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ ìgbàlà rẹ̀ síwájú, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe sínú láptọ́ọ̀pù kan náà. Èkejì, bí a bá pa Windows, ó máa ń díbọ́n pé òun kú, ṣùgbọ́n ó sùn ni. Àṣẹ powercfg /h off, tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí Administrator, á mú kó kú dáadáa, á sì tún pa fáìlì ńlá tó fi ń sùn rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣí Disk Management, ẹ tẹ C, ẹ mú Shrink Volume. Ó ń béèrè ní MB. A fẹ́ GiB 80, a tẹ 81920. Bí ó bá ní òun kò lè fún yín tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí C ṣófo, àwọn fáìlì kan tí Windows kì í gbé kúrò lójú kan ló dúró sí àárín. Ẹ pa System Restore àti pagefile fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ tan án padà, kí ẹ tún gbìyànjú.

A padà sínú Ubuntu, a ṣí GParted. Àyè òfo 80G ti wà láàárín C àti Ubuntu. A ṣe ìpín ext4 tuntun síbẹ̀, GParted pè é ní sda6. Àmọ́ ẹ má gbára lé nọ́ńbà mi. Ẹ wo ti yín pẹ̀lú lsblk -f kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, nítorí nọ́ńbà kì í tẹ̀lé bí wọ́n ṣe tò lórí dísìkì, ẹni tó bá sì ṣe ètò fáìlì tuntun sórí ìpín tí kì í ṣe òun ti dáná sun oko. Lẹ́yìn náà a jáde kúrò lórí ojú tábìlì, kí Firefox àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa máa kọ nǹkan sí /home lọ́wọ́, a tẹ Ctrl+Alt+F3, a wọlé sí ojú dúdú yẹn:

cd /
sudo mkdir /mnt/ile
sudo mount /dev/sda6 /mnt/ile
sudo rsync -aAXH /home/ /mnt/ile/

Ẹ má gbàgbé àmì / tó wà lẹ́yìn home. Bí kò bá sí níbẹ̀, rsync á kó fódà home fúnra rẹ̀ wọ inú ibẹ̀, ẹ ó sì ní /home/home. Lẹ́yìn èyí, sudo blkid /dev/sda6 á fún yín ní UUID, nọ́ńbà gígùn tí kì í yí padà bí sda bá tilẹ̀ di sdb lọ́la. Ẹ fi ìlà kan sí ìsàlẹ̀ /etc/fstab, kí ẹ fi UUID tiyín rọ́pò àmì tí mo fi síbẹ̀:

UUID=xxxx-xxxx /home ext4 defaults 0 2

Kí ẹ tó tún un tàn, ẹ tẹ sudo findmnt --verify. Ó ń ka fstab, ó sì ń sọ bí àṣìkọ bá wà níbẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo tó bá wọ́ nínú fáìlì yẹn lè mú kí kọ̀ǹpútà kọ̀ láti jí dáadáa, ọ̀pọ̀ èèyàn á sì rò pé gbogbo iṣẹ́ ti bàjẹ́, nígbà tó jẹ́ lẹ́tà kan ló kù. Bí ó bá dára:

sudo mv /home /home.atijo
sudo mkdir /home
sudo mount /home

A tún un tàn. Ó jí. Gbogbo fáìlì wà níbi tí wọ́n máa ń wà, àwòrán ẹ̀yìn ojú tábìlì kò yí padà, df -h sì fi ìpín tuntun hàn níwájú /home. Sha256sum -c lẹ́ẹ̀kan sí i, OK láti òkè dé ilẹ̀. Iṣẹ́ tó léwu níbẹ̀ kò pẹ́. Rsync nìkan ló gba àkókò, bí iná bá sì lọ lórí rsync, kò sí ohun tó sọnù, ẹ ó kàn tún àṣẹ kan náà tẹ̀, á máa bá a lọ láti ibi tó dé.

Ẹni tí kò ní Windows rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní Ubuntu nìkan, tí swap sì dúró sí ọ̀tún rẹ̀, tí àyè òfo wà lẹ́yìn swap, swap yẹn ló dí yín lọ́nà. Ẹ pa á pẹ̀lú swapoff -a, ẹ yọ ìlà rẹ̀ kúrò nínú fstab, ẹ pa ìpín náà rẹ́, kí ẹ sì fi fáìlì ṣe swap tó bá yá. Lẹ́yìn náà, bí ó bá jẹ́ ìpín kejì ni root yín:

sudo growpart /dev/sda 2
sudo resize2fs /dev/sda2

Growpart ń sún pèrègún, resize2fs ń kọ ebè. Ẹ rí i pé ó tẹ̀lé òfin tí mo sọ lókè. Inú páálí cloud-guest-utils ni growpart wà. Bí dísìkì bá ti kún pátápátá, ẹ kọ́kọ́ gbálẹ̀ díẹ̀, nítorí growpart náà ń fẹ́ ibi tó máa kọ fáìlì kékeré sí.

Dídín ext4 kù ni kí ẹ bẹ̀rù. Kò ṣeé ṣe nígbà tí ìpín náà ń ṣiṣẹ́, nítorí náà bí ó bá jẹ́ root, inú USB tí ẹ fi Ubuntu sí ni kí ẹ ti tan kọ̀ǹpútà. E2fsck -f ló kọ́kọ́ ń lọ, láti rí i pé ìwé ebè bá ebè mu. Ìdẹkùn kan wà níbẹ̀ tí mo rò pé ó ti jẹ fáìlì ọ̀pọ̀ èèyàn. Nínú resize2fs, G túmọ̀ sí ìlọ́po 1024. Nínú parted, GB túmọ̀ sí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún, GiB sì ni ti 1024. Ẹni tó bá dín ètò fáìlì kù sí 148G, tó wá sọ fún parted pé kí ìpín parí sí 150GB, rò pé òun fi méjì sílẹ̀ fún ewu. Ṣùgbọ́n GB 150 kò ju GiB 139.7 lọ. Ó ti gé ju GiB 8 kúrò nínú iṣu ara rẹ̀. Ẹ kọ GiB ní kíkún, tàbí kí ẹ jẹ́ kí GParted ṣe méjèèjì fún yín, ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn.

Bí ètò fáìlì yín bá jẹ́ XFS, ẹ má tilẹ̀ wá bí ẹ ṣe máa dín in kù. Ó ń fẹ̀, kì í dín. Btrfs, tí Fedora Workstation ń lò láti Fedora 33 ní 2020, ń ṣe méjèèjì lójú iṣẹ́. LVM wà pẹ̀lú, tí Heinz Mauelshagen kọ fún Linux ní 1998 ní àpẹẹrẹ ti HP-UX. Òun máa ń kó ilẹ̀ jọ sínú àgbájọ kan, á wá máa bù ú fún ẹni tó bá nílò, láìka ọ̀tún tàbí òsì sí. Ẹni tó bá ń tọ́jú sáfà tí wọ́n fi Ubuntu Server sí, kó tẹ sudo vgs kó tó ra dísìkì tuntun, nítorí ètò ìgbéwọlé rẹ̀ sábà máa ń fi apá kan àgbájọ náà sílẹ̀ láìlò. Sudo lvextend -r -L +20G /dev/ubuntu-vg/ubuntu-lv á fún un ní 20G, á sì fẹ ètò fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ku ohun méjì lórí ti akẹgbẹ́ mi. A fi /home.atijo sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó lo kọ̀ǹpútà náà bó ṣe máa ń lò ó, ó ṣí Praat, ó ṣí ELAN, kò rí ohun tó sọnù. Lẹ́yìn náà ni a tó pa á rẹ́ pẹ̀lú sudo rm -rf /home.atijo, GiB 15 sì padà sọ́dọ̀ root. Èkejì ni ìdá márùn-ún tí ext4 yà sọ́tọ̀. Lórí root, ẹ fi sílẹ̀, ó ní ìdí rẹ̀. Lórí /home, kò sí ohun tí root ń ṣe níbẹ̀. Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún GiB 80 jẹ́ GiB 4. A tẹ:

sudo tune2fs -m 1 /dev/sda6

ó sì dín kù sí 0.8. GiB 3.2 tó jáde níbẹ̀ gba ohùn wákàtí mẹ́ta ó lé díẹ̀. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìfàkì pẹ̀lú rikọ́dà rẹ̀.